Ìkúnlẹ̀ Inú Omi

Ọ̀rọ̀ yìí, lórí bíbímọ nínú omi, ni mo sọ lọ́jọ́ Sátidé kan níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́, àfi àwọn ibi tí ẹ̀rín kò jẹ́ kí èmi gan-an gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin aboyún tó wà láàárín wa, mo ti ka mẹ́rin láti ẹnu ọ̀nà. Olúwa á sọ̀ yín láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Tí Yorùbá bá fẹ́ bẹ ẹni tí inú ń bí, tí ẹ̀bẹ̀ fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, á ní, "Ẹ wo ti ìkúnlẹ̀ abiyamọ." N kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni ní, "Ẹ wo ti ìdùbúlẹ̀ abiyamọ." Ìkúnlẹ̀ ni. Orí ìkúnlẹ̀ ni àwọn ìyá wa àgbà ti ń bímọ: orúnkún lórí ẹní, ọwọ́ lọ́rùn obìnrin mìíràn, agbẹ̀bí lẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ló wá gbé wa sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní ká fẹ̀yìn lélẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe bí àkọ́bí mi, ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí. Bẹ́líìtì méjì ni wọ́n fi so ikùn mi mọ́ ẹ̀rọ: ọ̀kan ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, èkejì ń wo bí ìrọbí ṣe ń wá. Tí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bẹ́líìtì á yẹ̀, ẹ̀rọ á ké, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní kí n má mira. Wákàtí mẹ́rìnlá. Àjà ni mo ń wò. Àjà náà jẹ́ onígun mẹ́rin-mẹ́rin, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí o, ohun tí ìwé ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó di pé tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, ojú ọmọ mi ni mo máa kọ́kọ́ rí. Àjà yẹn ni mo máa ń rí.

Nígbà tí mo lóyún èkejì, agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi, obìnrin Jàmáíkà kan báyìí, bi mí bóyá mo ti ronú sí omi. Mo ní, "Omi wo?" Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, n kò mọ nǹkan kan. Ọmọ kejì yẹn ló sọ mí di agbẹ̀bí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Báàfù ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ dẹ́rù bà yín. Òyìnbó ń pè é ní pool, àwa nọ́ọ̀sì Nàìjíríà ń pè é ní púùlù, ṣùgbọ́n báàfù ni, báàfù tó fẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì tọkọtìyàwó, tó sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dé ọmú tí èèyàn bá jókòó. Wọ́n ti dín iná yàrá kù. Ọrùn ilé ọmọ mi ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé tí mo jókòó, ara mi sọ ẹrù kalẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ru garawa omi láti odò tí ẹnì kan bá a sọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

N kò ní purọ́ fún yín: ìrora kò lọ. Ẹni tó bá ní omi ń mú ìrora lọ pátápátá, ọjà ló ń tà. Lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú omi, mo ń mọ̀ ọ́n tó ń bọ̀, mo ń mọ̀ ọ́n tó ń lọ, tó bá sì lọ, ó lọ nìyẹn. Mo ń sùn láàárín méjì. Ọkọ mi ní mo hanrun. Mo ti jiyàn títí, ó ní òun gbọ́ ọ.

N kò mọ ìgbà tí mo yí padà. Ohun tí mo rí ni pé orúnkún mi wà nísàlẹ̀ báàfù, apá mi méjèèjì gbé etí rẹ̀ mọ́ra, mo fi iwájú orí ti ọwọ́ ọkọ mi. Mo ti kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú bí mo ṣe sanra nígbà yẹn, orúnkún mi kò lè gbà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi ló bá mi gbé ara mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: obìnrin á wọ omi, á jókòó díẹ̀, tó bá yá, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á yí padà, á kúnlẹ̀.

Kí ni omi ń ṣe gan-an? Ó ń gbé ìwúwo ara, ìyẹn ni àkọ́kọ́, ó sì ń mú ẹ̀yìn àti ìbàdí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni ti ìbẹ̀rù. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí láàárín wa mọ̀ pé ewúrẹ́ tó ń rọbí kì í bímọ lójú agbo. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń sá lọ, níbi tó ṣókùnkùn. Ẹ tọ̀ ọ́ lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ẹ máa bi í ní àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí rẹ̀: á dìde, ìrọbí á sì dúró. Ara obìnrin náà kò yàtọ̀. Oxytocin, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló ń sún ilé ọmọ kì, ara tó bá fọkàn balẹ̀ ló sì ń sun ún dáadáa. Adrenaline, ti ìbẹ̀rù àti ìpayà, ló ń dí i lọ́wọ́. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nínú òkùnkùn díẹ̀, ewúrẹ́ ti rí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tí àwọn ìyá ń sọ fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí ìwé kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Báàfù ní etí. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè na ọwọ́ sí ọ lára. Tó o bá wà nínú omi, ẹni tó bá fẹ́ kàn ọ́ gbọ́dọ̀ wá sí etí báàfù, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó bọ ọwọ́ sómi, ó sì di dandan kó béèrè. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ sọ fún mi pé, "Àǹtí, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí dókítà bẹ̀rẹ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀."

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ní ti ayé òde òní, dókítà Faransé kan, Michel Odent, ní ilé ìwòsàn ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Pithiviers, ní gúúsù Paris, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé gbọ́. Kì í ṣe pé ó ní kí wọ́n máa bímọ sínú omi. Ìrora ló ń wá ọ̀nà láti dín kù láìlo oògùn. Àwọn obìnrin ló wọ inú omi tí wọn kò fẹ́ jáde mọ́, tí ọmọ fi ń bá wọn níbẹ̀. Ní 1983 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, nígbà tí ọmọ 100 ti wá sáyé bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ohun tó kọ pé àwọn obìnrin mìíràn wà, kí omi tó kún báàfù rárá, ariwo omi tó ń dà ti tó fún wọn. Mo ti rí ìyẹn náà. Mo tan ẹ̀rọ omi, mo ní kí n lọ mú tówẹ̀lì wá, kí n tó padà dé, ó ti ń ti ọmọ jáde.

Ní 1992, ìgbìmọ̀ ìlera ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Nicholas Winterton ṣe alága rẹ̀, sọ pé kí àwọn ilé ìwòsàn jẹ́ kí obìnrin yan bí òun ṣe fẹ́ wà nígbà ìrọbí, kí wọ́n sì pèsè báàfù níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Lónìí, ìlànà NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú, tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé, ní kí á fi omi lọ obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí oyún rẹ̀ kò ní ìṣòro, láti fi dín ìrora kù. Kò ní kí á dúró títí á fi béèrè o. Àwa ló yẹ kí á fi lọ̀ ọ́. Ẹ di ìyẹn mú, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀rí: Cochrane, àwọn tó máa ń kó ìwádìí jọ tí wọ́n á gbé e yẹ̀ wò, kó 15 jọ ní 2018, obìnrin 3,663 ló wà nínú wọn. Àwọn tó wọ omi nígbà tí ọrùn ilé ọmọ ṣì ń ṣí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, epidural tó ń pa ìrora, tó àwọn tí kò wọ̀ ọ́. Ó dín díẹ̀ ni, kò dín púpọ̀. Wọn kò sì rí àmì pé ó pa ìyá tàbí ọmọ lára. Ní 2024, Yunifásítì Cardiff gbé tiwọn jáde, ó lé ní obìnrin 87,000 tó lo púùlù ní England àti Wales láàárín 2015 sí 2022. Àwọn tó dúró sínú omi títí ọmọ fi dé kò fàya burúkú ju àwọn tó jáde lọ, ọmọ wọn kò sì níṣòro jù. Ohun tó yàtọ̀ ni ìwọ́: ó máa ń já lára nǹkan bí 1 nínú 100 àwọn tí wọ́n bí sínú omi, ó sì kéré sí bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rọra gbé ọmọ sókè, tí a kì í já a gbà, tí páńpẹ́ ìwọ́ sì máa ń wà lápò wa.

Àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ACOG, kò tíì gbà tán. Ní 2016 wọ́n ní ìrọbí nínú omi dáa fún ẹni tí kò níṣòro, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni kí wọ́n bí ọmọ sí. Nítorí náà tí àbúrò yín ní Houston bá ní wọ́n lé òun jáde nínú omi nígbà tí orí ọmọ ń yọ, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀.

Ó wá ku tiwa. Ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí ìbímọ tó lé ní 46,000 ní ilé ìwòsàn ìjọba England. Nínú 100, bíi 14 ni wọ́n bí sínú omi. Tí a bá wá wo obìnrin dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó, tiwa kò tó ìdajì tiwọn. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀. Àwa tí a ń fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀! Àwọn tí baba wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló ń kúnlẹ̀ nínú omi, àwa sì fẹ̀yìn lélẹ̀, à ń ka àjà.

N kò sọ pé ẹ̀bi yín ni. Àwọn kan wà tí wọn kò fi omi lọ̀ rárá. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ibì kan rí tó jẹ́ pé nígbà tí mo ṣí yàrá púùlù fún obìnrin wa kan, àga tó ṣẹ́ àti páálí ìbọ̀wọ́ ló kún inú báàfù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń béèrè. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ béèrè ohun tí wọn kò sọ fún un pé ó wà?

Ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. MBRRACE-UK, àwọn tó ń ka ikú àwọn ìyá nílẹ̀ yìí, ní láàárín 2020 sí 2022, ikú obìnrin dúdú látàrí oyún àti ìbímọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó. Obìnrin tó mọ ìyẹn, tó ní òun ń fẹ́ ẹ̀rọ, òun ń fẹ́ dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má pè é ní ọ̀dẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé inú omi kọ́ ni a ti ń pa á tì. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 ni mo ń fi ẹ̀rọ kékeré tí omi kì í bà jẹ́ gbọ́ ọkàn ọmọ, tó bá ti ń tì, ó di ìṣẹ́jú 5. Wákàtí wákàtí ni mo ń wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó àti bí omi ṣe gbóná tó. Omi kò gbọdọ̀ kọjá 37.5, torí tí ìyá bá gbóná jù, ọkàn ọmọ á máa sáré. Agbẹ̀bí kan ló ń jókòó ti èèyàn kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ ti ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Ọmọ kò ní mumi bí? Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni. Inú omi ni ọmọ ti ń gbé láti oṣù mẹ́sàn-án, ìwọ́ ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá fún un, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá bọ́ láti inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò tíì mọ̀ pé òun ti dáyé. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kan ojú rẹ̀ ló ń mí èémí àkọ́kọ́. Nítorí náà, tí orí rẹ̀ bá ti yọ sókè, kò gbọdọ̀ padà sábẹ́ omi mọ́. Àyà ìyá ni a ń gbé e sí, orí lókè, ara nínú omi kí òtútù má mú un. Wọn kì í sábà ké bí àwọn tí wọ́n bí sórí ilẹ̀, wọ́n kàn ń wò ni. Ìyá ọkọ kan pariwo mọ́ mi lórí nítorí èyí. Ó ní ọmọ tí kò ké, kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí?

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń sọ pé òtútù á wọ inú egungun rẹ̀: omi náà gbóná bí ara ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi tówẹ̀lì àti omi híhó jó ikùn wa lọ́jọ́ kẹta tí a bímọ, tí a ń ké tí ẹ kò dá wa lóhùn, ẹ̀yin lẹ wá ń bẹ̀rù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́!

"Mi ò mọ̀ wẹ̀." Jókòó ni wàá jókòó. "Irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ńkọ́?" Ọmú ni omi ń dé, kò dé orí, ooru náà ni kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ fún.

Èyí tí wọn kì í lè béèrè níta, tí wọ́n máa ń rọ̀ mọ́ etí mi sọ: "Tí mo bá ṣu ńkọ́?" Wàá ṣu. Orí ọmọ tó ń bọ̀ kì í fi nǹkan sílẹ̀ lọ́nà rẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, pépà la fi ń nù ún. Nínú omi, a ní asẹ́, asẹ́ gidi bíi tẹni tó fẹ́ sẹ́ ògì, ó wà lára ẹrù iṣẹ́ wa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti dígí tá a fi ń wo ìdí láìfọwọ́kàn. A ó kó o kí o tó yíjú. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe tí ọkọ kì í rí i.

Gáàsì tí à ń fà sẹ́nu láti dín ìrora kù, ẹ lè lò ó nínú omi. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò ṣeé lò, ẹsẹ̀ á ti kú. Ẹni tó bá gba pethidine, abẹ́rẹ́ ìrora tó máa ń kunni lóorun, á dúró fún wákàtí 2 ó kéré tán, kí oorun rẹ̀ sì ti dá. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, oníbejì, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fi ìdí kọjú sísàlẹ̀, ẹni tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí ibà ń mú: orí ilẹ̀ ni tiwọn. Tó o bá ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ìju, bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀ ní tètè, má dúró dọjọ́ ìrọbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ pọn omi sí báàfù ilé yín kí ẹ máa dá bímọ. Omi nìkan kọ́ ni agbẹ̀bí.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ ló gbádùn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi jáde, ó ní ṣe ló dà bí ìgbà tí ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ òun. Orí bọ́ọ̀lù rọ́bà ló ti rọbí, ó sì bímọ wẹ́rẹ́. Òmíràn, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, mo kàn rí i tí omi yí àwọ̀ padà sí ewé: ọmọ ti ṣu sínú ikùn. Mo ní kó jáde. Ó wò mí bí ẹni tí mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Lórí ilẹ̀ ló bí i, ara ọmọ náà le, ṣùgbọ́n ohun tó ń ròyìn títí dòní ni wákàtí mẹ́ta tó lò nínú omi. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti bímọ, orí bẹ́ẹ̀dì kàn ni wọ́n ti gbé e fún òun.

Tí oyún yín bá ti tó ọ̀sẹ̀ 34 sí 36, agbẹ̀bí yín á bá yín sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe fẹ́ bímọ. Kí ẹ tó gbọ́ ìbéèrè kankan, ẹ sọ ọ́ pé ẹ fẹ́ omi. Ẹ bi wọ́n pé púùlù mélòó ni wọ́n ní, ta ló kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru, kí ẹ sì ní kí wọ́n mú yín lọ wò ó. Tó bá jẹ́ àga tó ṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹ pè mí.

Mo fẹ́ jókòó, ìyá kan tó ti Ìbàdàn wá bá ọmọ rẹ̀ tó lóyún tọ́jú ìkókó tó ń bọ̀ na ọwọ́ sókè. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ó ní, "Omi yẹn, ta ló ń dà á nù?"

Mo ní nílé ìwòsàn, ìdérí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó ṣí i, á ṣàn lọ, a ó wá fi oògùn apakòkòrò fọ báàfù náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nílé ni wọ́n ti bímọ, ó lé ní lítà 500, páǹpù kékeré kan ni wọ́n fi ń fà á gba inú họ́ọ̀sì lọ sí ilé ìyàgbẹ́.

"Ta ló ń di họ́ọ̀sì náà mú?"

"Ọkọ ni, mà."

Ìyá náà yíjú wo ọkọ ọmọ rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, tó wá gbé wọn lọ sílé. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀."